“Eclose”: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ń Há Sórí Láìrí Kòkòrò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ẹni tí ó bá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣọ̀wọ́n yóò gbà pé òwe náà bá ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wí. Ìmọ̀ ni wọ́n ń pe ohun tí ó ń lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àhásórí ni. Olùkọ́ yóò fa ìlà mẹ́rin sí ojú pátákó. Yóò kọ “eclose” sí ìlà kìn-ín-ní, “eclosed” sí ìkejì, “eclosed” sí ìkẹta, “eclosing” sí ìkẹrin. Àwọn ọmọ yóò kà á tẹ̀lé e, wọn yóò dà á kọ sínú ìwé, agogo yóò lù, ó parí. Bí ẹnìkan bá wá bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kejì pé kí ni ó ń “eclose”, inú kí ni ó ti ń jáde, ìgbà wo ni ó sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kẹ́kẹ́ yóò pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu.

Ìyà méjì ni irú ẹ̀kọ́ yìí fi ń jẹ ọmọ. Ó gba ọ̀rọ̀ kúrò lára ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ó ń fi yé ọmọ, láìsọ ọ́ síta, pé èdè tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ń pa ìrísí dà ni èdè ìmọ̀, pé èyí tí ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ dúró sójú kan kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí gan-an sì ni ẹlẹ́rìí tí ó dára jù lọ láti tú irọ́ náà fó.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò wúlò. Ó wúlò gidigidi fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí kòkòrò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí kòkòrò tí ó ti dàgbà já karawun tí ó fi ara pamọ́ sí, kí ó sì yọ síta pẹ̀lú ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan a tún máa lò ó fún ìdin tí ń ti inú ẹyin jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ kòkòrò fi “hatch” sílẹ̀ fún ẹyin, wọ́n sì fi “eclose” sọ ìjáde ìkẹyìn yìí.

Ní ti ìrísí, kò sí ohun tí ó le nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní wàhálà ni ó ṣe ń rìn. Bí olùwà bá jẹ́ ẹyọ kan ní ẹni kẹta, “ecloses” ni. Bí “-ing” bá dé, “e” ìparí yóò yẹ̀ fún un. Sílébù kejì ni ohùn ń tẹ̀, “s” inú rẹ̀ sì ń dún bí “z”. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ lo àkókò lé lórí ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe aláìgbàbọ̀ ni. Kòkòrò ni ó ń “eclose”. Kò sí ohun tí kòkòrò náà ń ṣe é sí. “The butterfly eclosed at dawn” dára. “The butterfly eclosed its wings” kò dára. Èyí tí ó tún burú jù ni “The pupa was eclosed by the butterfly”, tí í ṣe èso àṣà kan tí ó ti wọ̀ wọ́n lẹ́wù, pé gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá wà lójú pátákó ni ọmọ gbọ́dọ̀ yí sí “passive” kí ó tó gba máàkì. Ẹni tí ó bá ti rí labalábá kan rí níbi tí ó ti ń yọ kò ní kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, nítorí yóò mọ̀ pé kò sí ẹni tí ń ṣe ìṣe náà fún un.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà tún ń mú ọmọ ṣìnà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti mọ “close” yóò rí i nínú “eclose”, yóò sì rò pé títì ni. Kò jẹ̀bi tán, nítorí ó ti gbọ́ pé ìdin a máa ti ara rẹ̀ mọ́ inú karawun kí ó tó di labalábá. Bẹ́ẹ̀, òdìkejì gan-an ni. “E” tí ó wà níwájú ń sọ pé “síta”, bí ó ti ń sọ ọ́ nínú “emerge” àti “eject”. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ni ó bọ́ síta. Láti ara “claudere” inú èdè Látìnì, tí ó túmọ̀ sí “tì”, ni gbogbo ẹbí náà ti ṣẹ̀: “close”, “include”, “exclude”, “disclose”. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ pàápàá lo “excludere” fún adìyẹ tí ó pa ọmọ. Àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan láyé àtijọ́ lo “exclude” bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, Shakespeare náà sì lo “disclose” nínú Hamlet níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ àdàbà tí ó ti ẹyin jáde. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ tí ó ń ka Hamlet pẹ̀lú àwọn ọmọ, tí ó sì fi ìtumọ̀ “tú àṣírí” nìkan ka ọ̀rọ̀ yẹn kọjá, ti fi ẹran sílẹ̀, ó ń họ eegun.

Gẹ̀ẹ́sì kò mú “eclose” tààrà láti inú Látìnì. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé ni wọ́n ti yá a. Faransé ní “éclore”, tí wọ́n ń lò fún ẹyin tí ó pa àti fún òdòdó tí ó tanná. Láti ara rẹ̀ ni “éclosion” ti wá. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin ni “eclosion” wọ inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ kòkòrò sì wá ti ara ọ̀rọ̀-orúkọ yẹn ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dẹ́rìn-ín pani ni pé “éclore” fúnra rẹ̀ kò pé. Àwọn onígírámà Faransé kà á mọ́ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ní àbùkù. Ẹni kẹta ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún, àwọn àsìkò kan sì wà nínú èyí tí ó ti kọjá tí gírámà àbáláyé wọn kò fún un ní ìrísí kankan rárá. Bí olùkọ́ Faransé bá fa tábìlì àsìkò sójú pátákó fún “éclore”, àwọn àyè kan yóò ṣófo. Òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ sọ pé àwọn ẹyin ń pa lọ́wọ́ nígbà tí òun dé yóò wá ọ̀rọ̀ mìíràn tàbí kí ó yí gbólóhùn náà padà.

Ta ni ó ti gbọ́ kí wọ́n sọ pé Faransé kò lè kọ́ni ní baọ́lọ́jì nítorí àyè tí ó ṣófo nínú tábìlì yẹn? Kò sí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì yá ọ̀rọ̀ náà, “d” lásán ni ó fi dí àyè tí ó ṣófo. Àwọn tí wọ́n nílò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lò ó, ó sì di Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ èdè nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ Yorùbá kan bá dábàá ọ̀rọ̀ fún ohun kan náà lónìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bi í pé àṣẹ ta ni ó gbà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí “eclose” ká tún jẹ́rìí sí i. Carl Linnaeus, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Sweden ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni ó sọ kòkòrò tí ó wà nínú karawun ní “pupa”. Ọmọ Yorùbá tí ó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé àwọ̀ aṣọ ni. Ọmọlángidi ni “pupa” nínú Látìnì, ohun ìṣeré ọmọbìnrin, nítorí kòkòrò náà dì gbagidi bí ọmọ tí wọ́n fi ọ̀já wé. “Larva”, tí wọ́n ń pe ìdin, jẹ́ iwin, ó tún jẹ́ ìbòjú. Èrò wọn ni pé kòkòrò gidi wà lábẹ́ ìbòjú yẹn bí ará ọ̀run ṣe wà lábẹ́ ẹ̀kú egúngún. “Imago”, tí í ṣe kòkòrò tí ó ti dàgbà, kò ju àwòrán lọ. “Ecdysis”, tí ọmọ kíláàsì baọ́lọ́jì ń gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń já, ni àwọn ará Gíríìkì fi ń sọ pé ènìyàn bọ́ aṣọ. Ọmọlángidi, ìbòjú, àwòrán, bíbọ́ṣọ: ọ̀rọ̀ inú ilé ni gbogbo wọn. Àwọn tí wọ́n fi wọ́n ṣe ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò wá ọ̀rọ̀ lọ sí òkè ọ̀run. Èdè ẹlòmíràn ni ó jẹ́ kí wọ́n dà bí ọfọ̀ létí akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà.

Ó tó kí ọ̀rọ̀ kan kòkòrò fúnra rẹ̀ wàyí, nítorí ibẹ̀ ni adùn wà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ àsìkò gan-an fara pamọ́ sí.

Labalábá tí ó fẹ́ yọ kì í kàn rìn jáde. Yóò fi ipá inú ara rẹ̀ ti karawun títí yóò fi sán. Bí ó bá ti bọ́ síta, ìyẹ́ rẹ̀ yóò rọ̀ jọwọrọ bí ewé tí òjò pa. Yóò so rọ̀, yóò sì máa ti omi ara rẹ̀ sínú iṣan ìyẹ́ náà títí wọn yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbẹ tí wọn yóò sì le. Bí wọ́n bá le kí wọ́n tó tẹ́, kò sí àtúnṣe mọ́. Labalábá náà kò ní fò láéláé. Eṣinṣin ní ọgbọ́n tirẹ̀: àpò kan wà ní iwájú orí rẹ̀ tí yóò wú, tí yóò sì fi ti ìdérí karawun kúrò. Ẹ̀fọn a máa fi èèpo tí ó bọ́ sílẹ̀ ṣe ọkọ̀; orí rẹ̀ ni yóò dúró sí lójú omi títí ara rẹ̀ yóò fi le tó láti fò.

Nítorí ewu yìí, wákàtí tí kòkòrò yóò yọ ṣe kókó. Ní ọdún 1954, Colin Pittendrigh fi hàn pé aago kan wà nínú ara àwọn eṣinṣin kéékèèké tí ń rà bàbà lórí èso tí ó ti pọ́n jù. Bí wọ́n tilẹ̀ wà nínú òkùnkùn, nǹkan bí wákàtí mẹ́rìnlélógún mẹ́rìnlélógún ni ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń yọ síra wọn, yálà ibẹ̀ tutù díẹ̀ tàbí ó gbóná díẹ̀. Ìdájí ni wọ́n sábà máa ń yọ, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò tíì gbẹ. Eṣinṣin tí ara rẹ̀ bá pé lẹ́yìn tí wákàtí yẹn ti kọjá kò ní jáde lọ́sàn-án. Yóò dúró nínú karawun rẹ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní ọdún 1970, James Truman àti Lynn Riddiford gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn àfòpiná ńlá tí ìdin wọn ń ran òwú. Irú kan a máa yọ ní àárọ̀, irú kejì a máa yọ nígbà tí ọjọ́ bá ń rọ̀. Wọ́n yọ ọpọlọ wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú karawun. Àwọn àfòpiná náà kò kú. Wọ́n yọ, ṣùgbọ́n wákàtí tí ó wù wọ́n ni wọ́n yọ. Wọ́n wá gbé ọpọlọ èyí sínú ikùn ìyẹn, wọ́n gbé ti ìyẹn sínú ikùn èyí. Èyí tí í yọ ní àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ìrọ̀lẹ́, ti ìrọ̀lẹ́ di ti àárọ̀. Ọpọlọ ni ó mọ wákàtí, oje kan tí ó ń tú sínú ara sì ni ó fi ń pàṣẹ. Gbígbé tí wọ́n gbé ọpọlọ náà sí ikùn, níbi tí kò ti ní iṣan kankan tí ó so ó mọ́ ara tó ń darí, ni ó fi èyí hàn. Ó yẹ kí irú ìtàn yìí máa mú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sùn lẹ́yìn agogo mẹ́wàá.

Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, 1971, Ronald Konopka àti Seymour Benzer ní Amẹ́ríkà wo wákàtí tí àwọn eṣinṣin kéékèèké yẹn ń yọ, wọ́n sì rí àwọn mẹ́ta tí aago inú wọn ti yàtọ̀. Ti ọ̀kan ń yí po ní wákàtí mọ́kàndínlógún, ti èkejì ní wákàtí méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀kẹta kò ní aago rárá. Ibì kan ṣoṣo nínú àbùdá wọn ni ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Ọ̀nà tí wọ́n là yẹn ni Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young tọ̀ títí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017. Ìmọ̀ nípa oorun ènìyàn àti nípa àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ tí ara wọn kì í balẹ̀ ti jẹ nínú oúnjẹ yìí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kà iye eṣinṣin tí ó “eclose” ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni ó ṣílẹ̀kùn náà.

Pẹ̀lú ìmọ̀ yìí lọ́wọ́, ó yẹ kí olùkọ́ wo tábìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. “The flies are eclosing” ń sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́ kan tí wákàtí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. “The flies had eclosed by nine” ń sọ pé ìlẹ̀kùn ti tì fún ọjọ́ yẹn, pé èyí tí kò bá tíì jáde di ọ̀la. “This moth ecloses in the morning” ń sọ ìwà irú àfòpiná kan, kò sọ ti ẹyọ àfòpiná tí ó wà lórí tábìlì. Ìrísí kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ìwádìí, ọmọ tí ó bá sì mọ iṣẹ́ náà kò nílò àtikígbe “eclose, eclosed, eclosed” bí àparò.

Àìmọ iṣẹ́ náà ni ó ń mú ọmọ kọ pé “Termites eclose after the rain”. Lójú ẹni tí kò wo ìdí rẹ̀, gbólóhùn náà gún régé: èsúnsún, ìyẹn ikán abìyẹ́, a máa tú jáde lẹ́yìn òjò, gbogbo ọmọdé ni ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n inú òkìtì ni wọ́n ti tú jáde, kì í ṣe inú karawun. Ìyẹ́ ti wà lára wọn kí òjò tó rọ̀. Ikán kò tilẹ̀ ní ìgbà karawun rárá, bẹ́ẹ̀ ni tata, ìrẹ̀ àti aáyán. Ńṣe ni wọ́n ń bọ́ awọ léraléra títí wọn yóò fi dàgbà. Àwọn onímọ̀ kan a máa na “eclose” dé orí bíbọ́ ìkẹyìn àwọn wọ̀nyí. Kò sí ẹni tí í nà á dé ẹnu ihò ikán.

Ní báyìí, kí ni Yorùbá yóò pè é? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ń fún ni pé Yorùbá kò ní in. Ìdáhùn ẹni tí kò wá nǹkan ni. Adìyẹ ń pamọ, ẹyin ń pa. Ejò ń bọ́ awọ, ènìyàn ń bọ́ aṣọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “bọ́”, ni Yorùbá fi sọ méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí Gíríìkì ti ṣe kí wọ́n tó máa fi “ecdysis” dẹ́rù ba ọmọ. Oòrùn ń yọ, òṣùpá ń yọ, eyín ọmọdé ń yọ: ohun tí ó ti wà níbi tí ojú kò tó, tí àkókò rẹ̀ sì pé, ni Yorùbá ń sọ pé ó yọ. Bí a bá fi “pa” sílẹ̀ fún ẹyin, tí “bọ́” wà fún awọ, tí “yọ” sì dúró fún kòkòrò tí ó dàgbà tán nínú karawun, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní fàya mọ́ra wọn lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń pín “eclose” láàrin ẹyin àti karawun kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Tanwíjí pàápàá wà, orúkọ tí Yorùbá fún ìdin ẹ̀fọn nínú omi, èdè mélòó ni ó sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un?

Ibi tí àwọn olùkọ́ Yorùbá fúnra wọn ti lọ́wọ́ nínú ẹ̀bi ni tábìlì àsìkò tí wọ́n ń gbé wọ Yorùbá. Labalábá yọ. Labalábá ń yọ. Labalábá ti yọ. Labalábá yóò yọ. Labalábá kò tíì yọ. Labalábá máa ń yọ ní òwúrọ̀. Labalábá kì í yọ lóru. “Yọ” kò kúrò lójú kan. Àwọn wúnrẹ̀n tí ó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́. Olùkọ́ tí ó bá fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wò ó yóò sọ fún àwọn ọmọ pé “Labalábá yọ” jẹ́ àsìkò ìsinsìnyí, nítorí pé ìrísí tí ó ṣí gbayawu ni ìsinsìnyí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé labalábá náà ti yọ tán, ó ti wà níta. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ kò mọ̀. Kí ni a ó ti pe irú ìwé bẹ́ẹ̀?

Kò sì tán síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì di gbogbo ìṣe náà sínú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Yorùbá a máa to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀lé ara wọn: ó já karawun, ó yọrí, ó fa ẹsẹ̀ yọ, ó na ìyẹ́, ó fò lọ. Ẹni tí ó bá ń kọ ohun tí ó rí nínú yàrá ìwádìí sílẹ̀, ìpele ìpele ni ó ní láti kọ ọ́. Èdè tí ń to ìpele kò yẹ ní ẹni tí wọn ń lé síta nígbà tí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì bá bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé Yorùbá kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò WAEC. Òótọ́ ni, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún àwọn àṣìṣe tí ó wà lókè yìí kà: kòkòrò tí ó tìlẹ̀kùn, karawun tí labalábá ṣe nǹkan fún, ikán tí ó “eclose” lẹ́yìn òjò. Èwo nínú wọn ni Yorùbá fà? Gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ láìrí ohun tí a ń sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Láti ọdún 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tirẹ̀ ń kọ́ wọn. Àbọ̀ ìwádìí wọn ni pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù November 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni jù. Kí ẹni tí ó mọ ìṣirò bá wọn ṣe é: ọmọ tí ó jókòó sí ìdánwò WAEC ní ọdún 2025 ti fi ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2019, kí ìlànà 2022 tó wáyé. Báwo ni òfin tí kò tíì sí ṣe ba ẹ̀kọ́ ọmọ yẹn jẹ́?

Mínísítà kò lè dá olùkọ́ dúró láti gbé ìgò sórí tábìlì. Kí ó bu omi tí tanwíjí wà nínú rẹ̀, kí ó fi àwọ̀n dí ẹnu rẹ̀ pinpin kí ẹ̀fọn má baà bọ́ sáàárín kíláàsì, kí ó sì gbé e sí ibi tí oòrùn kò ti ní pa á. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, àwọn tanwíjí yóò ká bí àmì ìdánudúró, wọn kò ní jẹun mọ́. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yìn wọn yóò là lójú omi, ẹ̀fọn yóò sì dúró lórí èèpo tí ó bọ́. Kí àwọn ọmọ kọ wákàtí sílẹ̀, iye tí ó ti yọ, iye tí kò tíì yọ. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá lápá òsì ojú ewé, kí wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún: “Méje ti yọ, mẹ́rin kò tíì yọ”, “Seven have eclosed, four have not yet eclosed”. Lẹ́yìn èyí ni kí olùkọ́ tó mú ṣọ́ọ̀kì, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni “d” tí ó wà níparí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe, wúnrẹ̀n wo ni ó sì ń bá a ṣe iṣẹ́ náà lápá òsì.